Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́: Bí Àwọn Òṣèré Orí Ìtàgé Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Sinimá

Bí ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá pinnu lónìí pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sinimá, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé irú kámẹ́rà wo ni kí òun rà. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí n kì í tètè dáhùn mọ́. Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, nítorí alágbẹ̀dẹ kò lè rọ ọkọ́ láìní òòlù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìtàn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá ṣe sinimá yóò rí i pé ohun tí ó ni wọ́n lára jù lọ láti kọ́ kò sí nínú irinṣẹ́. Àgbà òṣèré ni wọ́n, wọ́n sì ní láti padà di ọmọdé kí wọ́n tó lè mọ ohun tí kámẹ́rà ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1944. Nígbà tí fíìmù Ayé yóò fi jáde ní 1979, ó ti lo ọdún 35 nídìí iṣẹ́ tíátà. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́? Síbẹ̀, ìwà rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun lójú kámẹ́rà. Ìtàn rẹ̀ ni, òun ni aṣáájú òṣèré, ṣùgbọ́n ó gbé ìdarí lé Ọlá Balógun lọ́wọ́. Nígbà tí ó kan Jáíyésinmi ní 1980, Freddie Goode, ará ìlú Ọba, ni ó bá a ṣiṣẹ́. Bàbá náà kò tijú láti wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ.

Ọlá Balógun tí mo dárúkọ yìí ti kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC nílùú Paris ní àwọn ọdún 1960. Lóòótọ́, wọ́n ti fi eré Wọlé Ṣóyínká, Kongi's Harvest, ṣe fíìmù ní 1970, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, Ossie Davis ará Amẹ́ríkà ni ó sì darí rẹ̀. Àjàní Ògún tí Balógun gbé jáde ní 1976 ni ọ̀pọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Dúró Ládiípọ̀ wà nínú rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ade Love náà sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti pàdé: ẹni tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ wá àti àwọn tí ó ti orí ìtàgé wá.

Kí ni àwọn ará ìtàgé ní láti kọ́? Ohùn àti ara ni ó ṣáájú. Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, nítorí náà òṣèré a máa pariwo, a sì máa ju apá. Kámẹ́rà kò nílò èyí. Ó lè sún mọ́ ènìyàn débi pé bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ṣẹ́ lásán, òǹwòran yóò rí i lára ògiri, kí ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ìbànújẹ́ tí ó wu ni lórí ìtàgé á wá di àṣejù.

Èkejì le ju èyí lọ. Àwọn òṣèré alárìnjò kì í sábà ka eré sórí ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n mọ ìtàn, wọ́n mọ orin, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ bí òǹwòran bá ṣe ń rẹ́rìn-ín. Níwájú kámẹ́rà, ìran kan náà ni a óò yà láti ọ̀kánkán, tí a óò tún yà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìyá kan bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ago nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún náà ni yóò fi gbé e nígbà kejì, lórí ọ̀rọ̀ kan náà gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán méjèèjì kò ní ṣe é rán pọ̀. A sì lè ya ìsìnkú ọkọ lọ́jọ́ Ajé, kí a tó ya ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, bí ó bá jẹ́ pé ilé kan náà ni wọn yóò lò.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí kò sí ohun tí ó jọ ọ́ lórí ìtàgé rárá. Bí ènìyàn méjì bá dojú kọ ara wọn tí wọ́n ń jiyàn, ẹ rò ó pé a na okùn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Apá kan okùn yìí ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí ó bá fò ó kọjá láìnídìí, nígbà tí a bá so àwòrán pọ̀, àwọn méjèèjì yóò dà bí ẹni tí ń wo ìhà kan náà bí èrò inú ọkọ̀, ìjà tí wọ́n ń jà yóò sì di yẹ̀yẹ́.

Owó ni pàṣán tí ó mú kí wọ́n tètè kọ́ gbogbo èyí. Róòlù fíìmù 35mm tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Òkè òkun, pàápàá jù lọ Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ á ti gorí ọjọ́ kí olùdarí tó rí ohun tí ó yà, àwọn òṣèré á ti túká, aṣọ á ti padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yáni. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀, gbèsè ló kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n fíìmù yìí ti kọ́ àwọn mìíràn lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú tiwa. Ní 1919, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Rọ́ṣíà, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ ní Mọ́sìkò, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù kò sì sí. Lev Kuleshov àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá ń ṣe fíìmù aláìnífíìmù: wọ́n á ṣeré náà níwájú ènìyàn, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Kuleshov yìí náà ni a mọ̀ mọ́ ìdánwò ojú òṣèré kan tí kò yí padà. Ó rán ojú yìí mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún rán an mọ́ òkú nínú pósí, àwọn òǹwòran sì rò pé ebi ni ó ń pa ọkùnrin náà ní àkọ́kọ́, pé ó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́yìn náà. Aránṣọ ni ó sọ aṣọ di ẹ̀wù.

Kí a padà sílé. Nínú gbogbo àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀nà Ade Love ni ó wù mí jù, nítorí ó rí bí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń rí láàrin wa. Ní 1976, òṣèré ni ó jẹ́ lábẹ́ Balógun. Ní 1979, òun ni ó gbé Ìjà Òmìnira jáde, èyí tí wọ́n fi ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ṣe, ṣùgbọ́n Balógun ṣì ni olùdarí. Nígbà tí Kádàrá jáde ní 1980, òun fúnra rẹ̀ ni ó darí rẹ̀. Ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù.

Túndé Kèlání gba òdìkejì ọ̀nà náà. Ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó di ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá ń di kámẹ́rà mú fún àwọn ẹlẹ́sìn tíátà, bí i ti Taxi Driver àti Ìyá ni Wúrà tí Ade Love ṣe.

Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀ ní 1986 tí náírà sì wó lulẹ̀, apá kò ká fíìmù mọ́. Fídíò gba ipò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́n, a lè dá a padà kí a wò ó lójú ẹsẹ̀, a sì lè ya ìran kan ní ìgbà mẹ́wàá. N kò sí lára àwọn tí ń kẹ́gàn fídíò. Bí kì í bá ṣe òun, ọ̀pọ̀ lára àwọn òṣèré wa ni ì bá ti padà sóko. Ohun tí mo kà sí àdánù ni pé kò sí ohun tí ó ń fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ ronú mọ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Kèlání fi yàtọ̀: fídíò ni ó fi ya Tí Olúwa Nilẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n ó yà á bí ẹni tí ó ṣì ń ka ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde ní 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwọn òṣèré rẹ̀ tí ń jẹ́ Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love. Òun náà ti ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sinimá ní New York, ó sì gbé Ìràpadà jáde ní 2006.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè kámẹ́rà ní ìjelòó, mo ní kí ó kọ́kọ́ mú bébà. Mo ní: obìnrin kan jókòó, ẹnìkan wọlé, ó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò sí mọ́. Kí ó ya àwòrán mẹ́fà péré, kí ó sì sọ ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú àwòrán márùn-ún. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá ojú ìyá náà ni kí òun wò nígbà tí ó bá gbọ́, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀.