Kíjìpá Léjìká, Ẹní Lọ́dọ̀ Onílé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gbéra ní Àgbádárìgì. Captain Pearce, Dókítà Morrison àti Richard Lander tó ń ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n dojú kọ, ẹrù tí àwọn aláàárù sì ń rù tẹ̀ lé wọn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìta gbangba ni wọ́n sùn sí lẹ́bàá omi, ìrì sì ń sẹ̀ lé wọn lórí. Kò pẹ́ tí ibà fi dá wọn dúbúlẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Pearce ti kú, Morrison ti kú.

Ìrì àti afẹ́fẹ́ irà ni àwọn tó kọ ìtàn náà dá lẹ́bi. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Àwọ̀n ẹ̀fọn ì bá ṣe wọ́n láǹfààní ju bẹ́ẹ̀dì ọba lọ.

Clapperton àti Lander rọ́jú, wọ́n gba Ṣakí kọjá, wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìíní 1826. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ tí wọ́n dé Kàíámà ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n bá ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò Haúsá kan pàdé, tí wọ́n ń ti Gónjà àti Àṣáńtì bọ̀. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lé ní 1,000 lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹran tó ń ru ẹrù wọn náà sì tó iye bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tó ń so Òkè-Ògùn, agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, mọ́ Ìbàrìbá nìyẹn: èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, alẹ́ sì ń lé gbogbo wọn bá. Kí ni wọ́n ń fi sùn?

Obì wà lára ẹrù ojú ọ̀nà yẹn, ẹni tó ń rù ú sì mọ ìṣirò. Gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣe obì, èrè ló ń jẹ. Nítorí náà, ohun ìsùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹrù rárá; ó gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣọ tó wà lára ẹni láti àárọ̀. Ní Òkè-Ògùn, kíjìpá ni aṣọ náà.

Òfì Ìsẹ́yìn ló lókìkí: ẹtù, sányán, àlàárì, tí àwọn ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀. Kíjìpá kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń hun ún nínú ilé, lórí òfì tó dúró ṣánṣán ti ara ògiri, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju ti ọkùnrin lọ dáadáa. Abala méjì tàbí mẹ́ta ti di odidi aṣọ. Òwú oko tiwọn ni. Wọ́n á yọ kóró rẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á fọwọ́ ran án. Òwú àfọwọ́ran kì í dán, kì í sì í fún pinpin. Ibì kan á ki, ibì kan á fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fáàrí lè pe èyí ní àbùkù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín àwọn fọ́nrán náà ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí àwọn òyìnbó ń kì sínú àpò ìsùn kò ṣe ju iṣẹ́ yẹn náà lọ.

Lọ́sàn-án, èrò á gbé e kọ́ èjìká tàbí kó fi ṣe òṣùká. Lálẹ́, á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, á ká ẹsẹ̀ kò, á fi etí aṣọ bo orí, ó tán. Ọyẹ́ á máa fẹ́ níta.

Ti abẹ́ ńkọ́? Àwọn èrò kì í sábà gbé ẹní rìn. Ilé tí wọ́n bá dé sí ni ẹní wà, nítorí onílé tí kò tẹ́ ẹní fún àlejò ti tàbùkù ara rẹ̀ kó tó bu omi fún un. Ẹní ọ̀nà jẹ́ ti ìlú, aṣọ ọ̀nà jẹ́ ti èrò. Ìdajì ẹrù ti kúrò lórí ẹni báyẹn, láìná kọ́bọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú wọn sínú igbó, koríko ọ̀dàn kò wọ́n. Bẹẹrẹ, koríko tí àwọn ìlú máa ń kó wá fún Aláàfin lọ́dọọdún láyé àtijọ́ láti fi bo ààfin, gbẹ dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdì kan lábẹ́ ẹni tó láti ya ara sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tútù. Kí ẹni náà kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n nítorí àkéekèé.

Nílẹ̀ òyìnbó ńkọ́? Ní 1876, Pryce Pryce-Jones, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Newtown nílẹ̀ Wales, gba ìwé àṣẹ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn tí wọ́n rán ìrọ̀rí rọ́bà mọ́, èyí tí ènìyàn lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí baba àpò ìsùn òde òní. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ró o lọ kí ọba.

Ní ti Òkè-Ògùn, rélùwéè tó gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin lọ sókè kò yà sí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Lọ́rì ló wá tú èrò Òkè-Ògùn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣirò ẹrù. Lọ́rì kì í ráhùn. Ẹni tó fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì, kó gbé e. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Vitafoam bẹ̀rẹ̀ ní 1962, fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹní díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ìṣirò àtijọ́ ti padà wá ni òkè Adó-Àwáyé, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá, wọ́n á gun àtẹ̀gùn tí wọ́n ní ó jẹ́ 369 láti lọ wo Ìyákẹ́, adágún omi orí òkè, àwọn kan á sì pàgọ́ síbẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, olúkúlùkù á mọ bí ohun tó dì ṣe wúwo tó. Àpò ìsùn tí wọ́n rà ní bọ̀síkọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ yìnyín: ó tóbi, ó gbóná jù, ó sì ń mú ẹni làágùn. Àṣìṣe kejì ló burú jù, ìyẹn kí ènìyàn náwó sórí àpò kó má rántí ẹní. Ìyẹ́ tí ara bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nínú mọ́, òkúta á sì máa fa ooru ara lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fóòmù pẹlẹbẹ tó ṣeé ká, tí kò tó kílò kan, sàn ju àpò olówó ńlá lọ lórí òkúta náà.

Òfì Ìsẹ́yìn kò dákẹ́, àmọ́ òde ìnáwó ni aṣọ rẹ̀ ń lọ báyìí, òwú ẹ̀rọ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Òfì ara ògiri ti àwọn obìnrin ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ṣì ní kíjìpá nínú àpótí, kó bẹ̀ ẹ́ yá, kó sá a sóòrùn, kó gbé e gun Adó-Àwáyé pẹ̀lú fóòmù pẹlẹbẹ kan àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Àfi tí ọyẹ́ bá mú gan-an ni yóò nílò àpò ìsùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún un.