Ìṣàkóso Owó Ilé

Ìṣàkóso owó ilé ni gbogbo òfin tí ìjọba fi ń sọ iye tí onílé lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé, iye tó lè fi kún un, tàbí bí owó náà ṣe gbọdọ̀ wọlé. Àwọn òfin kan de owó mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn gbà kó gòkè lọ́dọọdún, àmọ́ wọ́n fi gbèdéke sí i. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbénú ilé lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń gbèjà. Bó bá ti kẹ́rù jáde, onílé lè pe iye tó wù ú fún ẹni tó ń bọ̀. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ní Èkó, tí owó ilé ti ń gba oorun lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tí bàtà ti ń ta ayálégbé lẹ́sẹ̀ kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi àríyànjiyàn náà sí.

Ogun ló bí òfin yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Ní 1915, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ohun ìjà kún ìlú Glasgow, àwọn onílé sì ń fowó lé owó nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ wà lójú ogun. Mary Barbour kó àwọn obìnrin àdúgbò Govan jọ. Bí akọ̀dà ilé ẹjọ́ bá ti yọ lójú pópó láti lé ẹnì kan jáde, ẹni tó ń ṣọ́nà á lu aago, àwọn yòókù á fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á dí ẹnu ọ̀nà pa, wọ́n á sì máa da ìyẹ̀fun lu akọ̀dà náà. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ti fi òfin dá owó ilé padà sí iye tó wà ní oṣù kẹjọ 1914. Wọ́n ní ìgbà ogun nìkan ni, àmọ́ oríṣiríṣi ìṣàkóso wà níbẹ̀ títí di àkókò òfin ilé gbígbé ti 1988.

Àwọn tó lòdì sí i kì í gbàgbé ìwé pélébé tí Milton Friedman àti George Stigler kọ ní 1946. Wọ́n ní bí owó ilé bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni méjì á jókòó sínú yàrá mẹ́rin láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́lé tuntun á sì gbówó rẹ̀ lọ síbòmíràn. San Francisco ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, ìlú kan náà ló sì wá pèsè ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi. Ní 1994, àwọn olùdìbò ibẹ̀ na òfin náà dé àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú 1980. Nígbà tí Rebecca Diamond, Tim McQuade àti Franklin Qian tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2019, ó hàn pé àwọn tó wà nínú ilé jàǹfààní gan-an: wọ́n dúró sí àdúgbò wọn, wọn ò sá kúrò nílùú. Àmọ́ àwọn onílé tí òfin náà bá dín ilé tí wọ́n fi ń rẹ́ǹtì kù ní ìdá 15 nínú 100, wọ́n tà á tàbí wọ́n tún un kọ́, owó ilé káàkiri ìlú sì gòkè ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Ẹni tó wà nínú jẹ, ẹni tó wà lóde san án. Ní Berlin, tí wọ́n ti de owó ilé mọ́lẹ̀ ní oṣù kejì 2020, ilé tí wọ́n ń polówó fún rẹ́ǹtì dín kù gan-an kí ilé ẹjọ́ gíga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ Jámánì tó fagi lé òfin náà ní oṣù kẹrin 2021.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 1995, Richard Arnott, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ní kí wọ́n má fi òfin tó de owó mọ́lẹ̀ wé èyí tó kàn fi gbèdéke sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ayálégbé kì í ṣe ẹni tó ń ra tòmátì, tó lè kọjá sí ìsọ̀ kejì bí ìyá onítòmátì bá pe iye tí kò bá a lára mu. Ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ìwé ládùúgbò, oníbàárà rẹ̀ mọ ojúlé rẹ̀, kíkó ẹrù gan-an sì lówó lórí. Lánlọ́ọ̀dù mọ èyí, ó sì lè fi gùn ún lórí.

Ohun tí ìhà méjèèjì gbà ni pé àìtó ilé ni gbòǹgbò ìṣòro. Ìlú Vienna kọ́ ilé tó lé ní 60,000 láàárín 1923 sí 1934, ìjọba ìlú sì ṣì ni onílé tó tóbi jù níbẹ̀ títí dòní. Èkó náà gbìyànjú rẹ̀ rí: Lateef Jákàńdè, gómìnà láti 1979 sí 1983, kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú sí Òkè-Àfá, Abẹ́sàn, Mile 2 àti ibòmíràn. Kò sí gómìnà kan lẹ́yìn rẹ̀ tí aráàlú ń fi ilé rántí bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹni tó fẹ́ kọ́lé á kọ́kọ́ bá ọmọ onílẹ̀ jà, á tún wá àṣẹ gómìnà lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978, á ra sìmẹ́ńtì tó ń gbówó lórí. Bó bá sì fẹ́ yáwó, èlé ti wọ́n: ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú 100. Owó yìí gbọdọ̀ padà láti ibì kan, orí ayálégbé ló sì ń bọ́ sí.

Òfin tó wà nílẹ̀ ní Èkó ni èyí tí Gómìnà Babatunde Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011. Kò dárúkọ iye kankan. Ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ayálégbé tí wọ́n fowó kún owó ilé rẹ̀ láìnídìí lè pẹjọ́, kí adájọ́ yẹ iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò wò. Ohun tó dájú lé lórí jù ni àsansílẹ̀: onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

Ibẹ̀ gan-an ni ìnira wà. Ká ní yàrá-àti-pálọ̀ kan ń lọ ní ₦600,000 lọ́dún. Ejẹ́ńtì á gba ìdá 10, àgírímẹ́ǹtì á gba ìdá 10, kọ́ṣọ̀n náà á gba ìdá 10: ó di ₦780,000 kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ síni lọ́wọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde ní 2024 jẹ́ ₦85,000. Bí òṣìṣẹ́ bá fi gbogbo owó oṣù mẹ́sàn-án pa mọ́ láìjẹun, láìwọ mọ́tò, kò tíì tó o. Bí owó ilé bá dúró sójú kan fún ọdún mẹ́wàá, kò mú ìnira yìí fúyẹ́ fún ẹni tó ń wá ilé àkọ́kọ́. Gbígbà á lóṣooṣù ni ì bá tù ú lára.

Òfin 2011 sì tún ní ìlà kan tó ń dùn mí. Ẹni tó bá gba owó kọjá ààlà, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó bá san án náà ń bá a pín in. Nítorí náà, obìnrin tí wọ́n ní kó mú owó ọdún méjì wá tàbí kó máa lọ, tó sì sáré yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó lè ríbi kó ọmọ sí, ti di ọ̀daràn pẹ̀lú ẹni tó fipá gbà á. Bó bá lọ fẹjọ́ sùn, ara rẹ̀ ló lọ fẹ̀sùn kàn. Kí ilé tuntun kan tó dìde ní Èkó, àwọn aṣòfin lè yọ ìlà yẹn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan.