Báwo ni ìran Áfíríkà ṣe wọ ìdílé òyìnbó kan ní Yorkshire?

Òyìnbó ni ọkùnrin náà, ìlà oòrùn Yorkshire ní England ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ti wá. Àmọ́ àyẹ̀wò DNA tí Turi King àti Mark Jobling ti Fásitì Leicester gbé jáde lọ́dún 2007 sọ pé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìran bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Krómósómù Y ni wọ́n yẹ̀ wò, èyí tí bàbá ń fún ọmọkùnrin nìkan. Irú tirẹ̀, hgA1, kò tíì sí lákọsílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí.

Ọ̀dọ̀ bàbá náà ni orúkọ ìdílé ti máa ń wá níbẹ̀. Ni wọ́n bá wá ọkùnrin 18 mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, orúkọ tí kò wọ́pọ̀. Méje ló ní hgA1. Àwọn 11 tó kù kò ní in, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ tàbí tó jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ lè fa irú èyí, àlè náà sì lè fà á.

Àkọsílẹ̀ ìdílé pín àwọn méje náà sí agboolé méjì, tí baba ńlá wọn gbé Yorkshire ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. DNA fi hàn pé agboolé méjèèjì pàdé ní ìran díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ta wá ni ará Áfíríkà yìí? Ó lè jẹ́ ẹni tí òwò ẹrú gbé dé England. Ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọmọ ogun láti Áfíríkà ti bá Róòmù ṣọ́ ògiri Hadrian ní nǹkan bíi ọdún 1,800 sẹ́yìn.