Májẹ̀mú Ẹni tí a Dá Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ti já mọ́ lórí, tí a sì dá sílẹ̀ pẹ̀lú májẹ̀mú pé yóò máa rìn ní ìrìn ọmọlúàbí. Bí wọ́n bá wá sọ pé ó ti da májẹ̀mú náà, ta ni yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ Ògèdèǹgbé, akọni Ìjẹ̀ṣà, wò. Òun ni olórí ogun Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Ní 1894, Ọ̀gágun Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, mú un ní Iléṣà, ó sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Nígbà tí ó yá, ó padà sílé, ó sì jẹ oyè Ọbańlá ní 1898. Àṣẹ aláṣẹ ni ó mú un lọ, ọwọ́ aláṣẹ náà ni ìtúsílẹ̀ rẹ̀ sì wà. Ẹni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí ààlà òmìnira rẹ̀ dé, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ náà ni adájọ́ rẹ̀.

Òfin òde òní gbìyànjú láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, fún ilé-ẹjọ́ láyè láti dá ẹni tí ó jẹ̀bi sílẹ̀ pẹ̀lú májẹ̀mú, fún ìgbà tí kò ní kọjá ọdún 3, lábẹ́ òṣìṣẹ́ alámòójútó. Òṣìṣẹ́ yìí a máa bẹ̀ ẹ́ wò, a máa gbà á nímọ̀ràn, a sì máa ròyìn rẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kò lágbára láti dá a padà sẹ́wọ̀n. Bí ẹ̀sùn bá dé pé ó yẹ àdéhùn, ẹlẹ́sùn yóò búra, ilé-ẹjọ́ yóò sì pe olùjẹ́jọ́ tàbí kí ó ní kí wọ́n mú un wá. Wọn kì í tún ẹjọ́ àtijọ́ gbọ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ń wádìí ni bóyá ó da májẹ̀mú. Bí ó bá dájú, adájọ́ lè wá ṣe ìdájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kékeré kọ́ ni èyí. Ní Òṣogbo ni adájọ́ ti ń sọ̀rọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, ní nǹkan bíi 30 kìlómítà síbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn ń lọ sùn. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò wádìí lè mú ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà sẹ́yìn ògiri náà, kí ìyàwó àti ọmọ máa jìyà ohun tí ẹlòmíràn rò pé òun rí.

Àwa Yorùbá mọ onídùúró láti ìṣẹ̀ǹbáyé: ẹni tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìtìjú onídùúró ni ó máa ń so ẹni tí a dá sílẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n lọ. Òṣìṣẹ́ alámòójútó kò lè rọ́pò èyí. Síbẹ̀, kí májẹ̀mú tó lè ní iyì, ẹni tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó fọwọ́ sí, kí ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan òun, wọn yóò gbọ́ tẹnu òun kí wọ́n tó dájọ́. Ohun tí Ìwó kò fún Ògèdèǹgbé nìyẹn.