Ojú Lásán Kò Tó Láti Fi Mọ Oògùn Ọkàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ bó ṣe ń rí tí àyà bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, bí ìlù tí ọwọ́ onílù ti ṣì. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn oògùn tí wọ́n fi ń dá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà sípò.

Oníṣòwò bíi tiyín ló wà nídìí ìtàn náà. Ní ọdún 1912, ọkùnrin ará Họ́láǹdì kan lọ bá dókítà Karel Wenckebach pé ọkàn òun ń lù ségesège. Dókítà ní òun kò ní oògùn rẹ̀. Oníṣòwò ní òun ní in: tó bá di àárọ̀ ọ̀la, ọkàn òun á ti máa lù déédéé. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí! Kí ló lò? Kiníìnì ni, oògùn ibà tí àwọn ìyá àgbà wa mọ̀ dáadáa. Ní 1918, Walter Frey dán kiníìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ wò, ó sì rí èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kí ọkàn rọlẹ̀ yàtọ̀ sí kí ènìyàn yè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà ń fún ẹni tí àrùn ọkàn kọlù lójijì ní abẹ́rẹ́ lidocaine sínú iṣan. Oògùn yẹn náà ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀rìgì kú kí wọ́n tó yọ eyín. Nígbà tí wọ́n kó èsì àwọn àyẹ̀wò jọ ní 1988, ó hàn pé ó ń dín ìlù burúkú ọkàn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín ikú kù.

Èyí tó dunni jù ni ti Amẹ́ríkà. Wọ́n mú oògùn oníhóró méjì, encainide àti flecainide, tó ń mú kí ọkàn lù dáadáa. Wọ́n pín ènìyàn 1,498 sí ọ̀nà méjì: 755 gba oògùn gidi, 743 gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀. Ní 1989, wọ́n dá a dúró. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, 63 ti kú nínú àwọn tó gba oògùn, 26 péré nínú àwọn yòókù. Ká ní wọn ò kà á, ta ni ì bá mọ̀?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán oògùn ọkàn tuntun wò pẹ́, pàápàá èyí tó ń gba inú iṣan wọlé, torí kì í pẹ́ dé ọkàn, a ò sì lè fà á padà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá wọn dán oògùn wò, ẹ bèèrè: kí ni ewu rẹ̀? Ta ni yóò tọ́jú mi? Ṣé mo lè jáwọ́ nígbà tó bá wù mí? Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ ọkàn nílé tàbí lọ́jà. Tí àyà bá ń lù kíkankíkan, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èémí ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.