Ìtàn Ìwé Ìwádìí ní Samaru: Láti Orí Oko dé Ojú Òfurufú

Ogójì ọdún ṣáájú kí wọ́n tó dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní 1962 ni iṣẹ́ ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Samaru, ní Zaria, nítorí pé ní 1922 ni ẹ̀ka tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ìwádìí. Ibùdó náà, Institute for Agricultural Research, bọ́ sábẹ́ yunifásítì ní 1962, ó sì ń tẹ ìwé jáde lórúkọ Samaru: Samaru Research Bulletin wà, bẹ́ẹ̀ ni Samaru Miscellaneous Paper, tí ó gba àbọ̀ ìwádìí gígùn tí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, kì í sábà fàyè gbà.

Nínú ọ̀wọ́ kejì yìí ni David Norman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwádìí rẹ̀ lórí abúlé mẹ́ta lágbègbè Zaria, Hanwa, Doka àti Dan Mahawayi, jáde ní 1967. Irúgbìn kan ṣoṣo lójú oko kan ni ìmọ̀ràn tí àwọn aláṣẹ ń fún àgbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọkà bàbà, jéró, ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn pọ̀. Nígbà tí Norman ṣírò wákàtí iṣẹ́ wọn àti owó tí ó wọlé, ó hàn gbangba pé àgbìnpọ̀ ní èrè jù, ó sì ń dín ewu kù. Ìwé Samaru ti gbé ìṣirò abúlé wọ̀nyí jáde kí Journal of Development Studies tó tẹ àlàyé rẹ̀ lórí àgbìnpọ̀ ní 1974, iyì ńlá sì ni èyí jẹ́ fún ibùdó náà.

Kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní Zaria: ìmọ̀ òfurufú náà fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, nígbà tí òfin dá ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ Nigerian College of Aviation Technology lónìí sílẹ̀ láti kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, àwọn ẹlẹ́rọ tí ń tún bàlúù ṣe àti àwọn tí ń darí ìrìnnà òfurufú. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òfurufú yàtọ̀ sí ìwé Samaru: awakọ̀ ń kọ wákàtí ìfò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tirẹ̀, ẹlẹ́rọ sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ohunkóhun tí ó bá tú tàbí tí ó bá pààrọ̀ lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀mí èèyàn ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n kì í sábà dé ilé ìkàwé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ahmadu Bello ní jọ́nà tirẹ̀, Nigerian Journal of Engineering. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rọ bàlúù jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí eruku ọyẹ́ Zaria ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.