Kingsway Dùgbẹ̀ àti Owó Kòkó

Bí àwọn àgbà Ìbàdàn bá ń sọ̀rọ̀ Kingsway, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Dùgbẹ̀ nígbà kan rí, ojú wọn á máa dán: Bàbá Kérésì tó ń pín ẹ̀bùn fọ́mọdé, ọjà tó mọ́ tónítóní lórí pẹpẹ, tí iye rẹ̀ ti wà lára rẹ̀, tí ẹnì kan kì í dúnàá dúrà. Ibi tí wọ́n sábà ń parí ọ̀rọ̀ sí ni pé àìmọ̀ọ́ṣe tiwa ló pa á, pé bí òyìnbó ti yọwọ́ ló bàjẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé Kingsway ró kò sí lábẹ́ òrùlé rẹ̀ rárá. Inú oko kòkó ló wà, nígbà tó sì yá, ó kù sọ́wọ́ agbára náírà.

Ilé iṣẹ́ òwò UAC ló ni Kingsway. Lọ́dún 1929 ni Niger Company àti African and Eastern da òwò wọn pọ̀ di UAC, abẹ́ Unilever ló sì wà. Bó ṣe ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló ń ta aṣọ àti páànù fún àgbẹ̀ kan náà. Owó tó fi ọwọ́ ọ̀tún san, ó ń fi tòsì gbà á padà. Lọ́dún 1937, òun àtàwọn oníṣòwò òyìnbó mìíràn tilẹ̀ dìmọ̀ pọ̀ lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó. Àmọ́ nígbà tí ìjọba fi títà kòkó sókè òkun sábẹ́ Marketing Board lọ́dún 1947, UAC bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn nínú òwò irè oko, ó dojú kọ àwọn tó ń gbowó oṣù. Ọdún 1948 ni ilé ńlá Kingsway ṣí ní Marina, l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, tó jẹ́ olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, níbi tí owó kòkó ti ń di owó oṣù akọ̀wé, tíṣà àti nọ́ọ̀sì. Àwọn wọ̀nyí ni Kingsway Dùgbẹ̀ ń retí. Ẹni tó bá wo Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965 ládùúgbò kan náà kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn kan lè ní ilé olówó ni Kingsway. Òótọ́ ni, àgbẹ̀ tó gbin kòkó kì í sábà rajà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwò kò lówó nínú, iye kan náà sì ni wọ́n ń pè fún ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Mo rò pé èyí gan-an ló dùn mọ́ni ju ọjà fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń dá ọmọ Nàìjíríà lẹ́bi a máa tọ́ka sí òfin 1972 àti 1977, èyí tó mú kí ìpín ọmọ onílẹ̀ nínú UAC Nàìjíríà di ìdá 60 nínú 100. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà náà kò kú lẹ́yìn òfin yẹn. Ó tún lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó dé lẹ́yìn náà ni láísẹ́ǹsì ìkọ́jàwọlé, àkókò ẹsẹ́ńkò (ọjà kòṣeémánìí) tí a ń tò nítorí mílíìkì, àti 1986, ọdún tí náírà ṣubú. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní 1987, ó ti tó náírà mẹ́rin kí a tó rí dọ́là kan. Ìsọ̀ tí ọjà rẹ̀ ń tòkè òkun bọ̀, báwo ni yóò ṣe kún? Leventis àti UTC, àwọn ilé ìtajà mìíràn tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá Kingsway, kógbá irú ìsọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ wọlé bákan náà. Shoprite náà, tí ará South Africa ń darí, wọ Èkó ní 2005. Ní 2021, ó ta ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyá ọlọ́jà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Dùgbẹ̀ kò kógbá wọlé ní tirẹ̀. Bí páálí ṣúgà bá wọ́n, á tú u, á tà á ní kóró-kóró.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú Kingsway ni oúnjẹ. Igun tí wọ́n ti ń jẹ ìpápánu nínú rẹ̀ ló di Mr Bigg's, tó ṣí ní Marina ní 1986, ọdún tí náírà ṣubú gan-an. Méètípáì rẹ̀ kì í tòkè òkun bọ̀: Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń dín ẹran rẹ̀, ibí ni wọ́n ti ń yan án.